Orúkọ Insaf Lára Ilé Hinnawi

Bí Insaf bá wọ ilé tí kò dé rí, kì í tètè jókòó. Á ṣí báàgì rẹ̀, á mú ọsàn kan jáde, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín yàrá. Bí ọsàn náà bá dúró síbi tó gbé e sí, á mí kanlẹ̀, á wá gba tíì tí wọ́n gbé fún un. Bó bá yí, bó ti wù kó kéré mọ, á ní òun gbàgbé ìkòkò sórí iná nílé, ó di ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ti fi èyí ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú wọn. Ọkọ ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ bi í rí bóyá oògùn ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Àdúgbò Karmuz ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń wọn òwú ní ilé ìkẹ́rù kan, ó sì búra pé ọmọ òun kò ní fi eruku òwú wúkọ́ bíi tòun. Ó rán an lọ síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò owó. Ọmọge ni nígbà tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ẹnjiníà Raúf, ayàwòrán ilé kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé àtijọ́ kan ní òpópónà Fuad. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju kó máa ra tíì àti bébà lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé àwọn ayàwòrán ilé mọ ohun gbogbo tán, àfi bí a ṣe ń béèrè owó. Ẹnjiníà Raúf lè fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé fèrèsé kan fún oníbàárà. Bí oníbàárà bá wá ki ọwọ́ bàpò, ojú á ti Ẹnjiníà, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ó dìgbà mìíràn." Ìgbà mìíràn yìí kì í sì í dé.

Insaf ló fòpin sí ìyẹn. Ó pín owó iṣẹ́ sí ìpele ìpele: ti àwòrán àkọ́kọ́, ti ìwé àṣẹ káńsù, ti àbójútó nígbà tí òpó bá ń dìde. Ìwé àwòrán tó kẹ́yìn, èyí tí agbaṣẹ́ṣe kò lè mọlé láìrí, inú àpótí tábìlì rẹ̀ ló máa ń wà títí owó á fi wọlé. Àlájì kan gbé ẹja tútù wá láti fi tù ú lójú.

"Màdáámù, ẹ gba ẹja yìí, kẹ́ ẹ fún mi ní àwòrán mi. Kí ọ̀rọ̀ ó tán."

"Ẹ ṣeun, Àlájì. Ṣùgbọ́n ẹja á ti rà kó tó dọjọ́ owó oṣù. Owó kì í rà."

Àlájì rẹ́rìn-ín, ó sanwó, Insaf sì gba ẹja náà pẹ̀lú. Láti ọdún tó ti wà níbẹ̀, kò sí ìparí oṣù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú tó sì ku òun àti Yumna ọmọ rẹ̀ nínú ilé.

Ìgbà tó yá, pọ́n-ùn Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Irin gbówó lórí, sìmẹ́ńtì gbówó lórí, àwọn tó nílẹ̀ bá jókòó ti ilẹ̀ wọn. Tẹlifóònù ọ́fíìsì dákẹ́. Insaf ń yá owó oṣù níbí, ó ń fi san tọ̀hún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Ẹnjiníà Raúf gbé páálí àkàrà òyìnbó aládùn wọlé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Màdáámù Insaf."

Ó yẹ kó ti fura níbẹ̀. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, Insaf lásán ni Ẹnjiníà ń pè é. Bó bá ti di Màdáámù, ó ń wá nǹkan nìyẹn.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń ṣe ọ̀gá ibí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú," ló wí. "Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni ọ̀gá àgbà. Ẹ̀yin lẹ ó máa fọwọ́ sí àdéhùn, ọwọ́ yín ni òǹtẹ̀ ó sì máa wà."

"Ẹnjiníà, èmi ò kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé? Èmi ni n ó máa yà á. Orúkọ yín lásán ló máa wà lórí ìwé. Àbí orúkọ yín ò dáa ni?"

Insaf rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Inú ọkọ̀ tírámù lọ́nà ilé, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi gèlè nù ún kí àwọn èrò má baà rí i. Ọmọ ẹni tó ń wọn òwú ti di ọ̀gá àgbà. Nígbà tó délé, Yumna jẹ nínú àkàrà náà, ó wo ìyá rẹ̀ tìfura tìfura.

"Mọ́mì, wọ́n fi kún owó oṣù yín?"

"Díẹ̀."

"Ta wá ni ọ̀gá, ẹ̀yin àbí òun?"

"Jẹ àkàrà ẹ, jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ oríire."

Kò pẹ́ sí i ni Hinnawi dé. Agbaṣẹ́ṣe ni, lọ́fínńdà rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́fà sí àdúgbò Sidi Bishr, fún ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Àlájì Dakruri. Àlájì yìí kò ráyè wá, gẹ́gẹ́ bí Hinnawi ṣe wí, ó ti tẹ̀ka sí gbogbo ìwé tirẹ̀. Insaf dá iye owó, ó gbé e ga díẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan ná. Hinnawi ki ọwọ́ bàpò, ó sì san gbogbo rẹ̀ pátá kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan.

"Ẹ ò ní ná an?" Insaf bi í.

"Kí ni mo fẹ́ ná, Àlájà? Ẹ̀yin lẹ mọ iye iṣẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà kọ Insaf lóminú. Látọjọ́ tó ti ń bá àwọn oníbàárà fa owó, kò rí ẹni tó sanwó àbójútó kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rí. Ó lọ sọ fún Ẹnjiníà.

"Owó oṣù ti dé tán, ẹ wá ń bi owó pé níbo ló ti wá," Ẹnjiníà dáhùn. "Ẹ fọwọ́ sí i, Màdáámù."

Ó ro ti àwọn òṣìṣẹ́, ó ro ti ìgbéyàwó Yumna tó ń bọ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé pé ọ́fíìsì òun ni yóò máa bójú tó ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹnjiníà ní òun ni òun ó máa lọ wò ó. Oṣù ń gorí oṣù, títí ó fi lé lọ́dún kan. Bí Insaf bá béèrè ilé Sidi Bishr, Ẹnjiníà á ní ó ń lọ dáadáa, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ òjò kan, nígbà tí ìjì òkun ń da omi sí ojú títì, obìnrin kan tẹ ọ́fíìsì láago. Ó rí orúkọ wọn lára pátákó ìkọ́lé tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tóun ń gbé ní Sidi Bishr, ló wí. Àjà kẹsàn-án lòun àti àwọn ọmọ òun ń gbé, ilẹ̀kùn yàrá òun kò ṣe é tì mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan.

"Àjà kẹsàn-án?" Insaf ní. "Ìyá, ẹ ṣi nọ́ńbà pè. Alájà mẹ́fà ni tiwa."

"Àbí n ò mọ ibi tí mò ń gun àtẹ̀gùn dé ni?" obìnrin náà fèsì, ó sì já fóònù.

Insaf gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ẹnjiníà lọ. Ẹnjiníà ní òjò ló mú kí pákó ilẹ̀kùn wú, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì kò kúrò lọ́kàn Insaf. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó gba Sidi Bishr lọ.

Àdúgbò tóóró ni, bí èèyàn méjì bá gbé agboòrùn pàdé, ọ̀kan á fi ọ̀nà sílẹ̀. Insaf gbójú sókè nínú òjò, ó ń ka àjà ilé. Ó kà á dé mẹ́fà, ilé náà ṣì ń lọ sókè. Nígbà tó fi máa kà á tán, ọrùn ti ń dùn ún, mẹ́tàlá ló kà. Lókè pátápátá, orí ilé náà ti sún mọ́ ilé kejì débi pé aṣọ tí wọ́n sá síbẹ̀ ń kan fèrèsé àwọn aládùúgbò. Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá arúgbó kan jókòó ti ààrò onípáànù, ó ń sun ọ̀dùnkún tà.

"Ẹ kú òjò o, Bàbá."

"Òo, ọmọ mi. Súnmọ́ iná."

"Àlájì Dakruri ni mò ń wá, ẹni tó nilé yìí."

Bàbá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi gbà á. "O ti rí i. Jókòó."

Insaf rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. "Ẹ̀yin lẹ nilé?"

"Lórí ìwé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mò ń sùn. Kahul ni mí, ọmọ mi."

Kò sí ọmọ Alẹkisáńdíríà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ kahul: tálákà tí àwọn tó ń kọ́lé lòdì sófin ń ra orúkọ rẹ̀, kí ọlọ́pàá lè rí ẹni mú bí ọ̀ràn bá dé. Insaf ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, kò fojú kan ọ̀kan rí.

"Oko ni Hinnawi ti wá mú mi," bàbá ń bọ́rọ̀ lọ, ó ń yí ọ̀dùnkún rẹ̀. "Ó fún mi lówó tí mo fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyàwó mi, mo sì tẹ̀ka. Ó ní bí ọlọ́pàá bá dé, kí n kàn máa tẹ̀ lé wọn, ẹ̀wọ̀n náà ò ní pẹ́, oúnjẹ sì ń bẹ níbẹ̀."

"Ìyàwó yín wá ńkọ́?"

"Ó ríran. Ó wò mí, ó ní ṣé bí mo ṣe darúgbó tó nìyí." Ó bó ọ̀dùnkún kan fún un. "Ìwọ ńkọ́? Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Insaf lorúkọ mi. Láti ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán."

Ọwọ́ Bàbá Dakruri dúró. "Insaf tó fọwọ́ sí ìwé? Ọkùnrin ni mo fi pè. Hinnawi ti sọ ọ́ fún mi, ó ní ọ̀gá yín náà ti wá kahul tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní n ò ní dá lọ sẹ́wọ̀n. Èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Èló ti kí ni?"

"Tí o fi gbà kí wọ́n lo orúkọ rẹ. Èmi gba owó ojú. Ìwọ ńkọ́?"

Insaf gbé ọ̀dùnkún náà kalẹ̀. Páálí àkàrà òyìnbó kan ló ń rí lójú rẹ̀. Ìyẹn àti díẹ̀ tí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n san fún un. Ẹ̀rù bà á.

Bàbá Dakruri fà á lọ́wọ́ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ẹní rẹ̀ wà. Ó mú ọsàn kan nínú abọ́, ó gbé e sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ọsàn náà rò ó wò díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí ó fi kan ògiri tó kọjú sójú títì.

"Lóṣù tó kọjá, ó ń dúró," bàbá ní.

Ohun kan sì ró nínú òpó, kò dún púpọ̀, ó dà bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Insaf kò mọ ìgbà tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tó dé títì ńlá ló tó rántí pé àwọn ọmọdé wà lókè ibi tóun ti sá kúrò.

Ó bá Ẹnjiníà Raúf ní ọ́fíìsì. Àpótí ìrìn-àjò méjì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Alájà mẹ́tàlá ni wọ́n kọ́," Insaf ní. "Ó ti ń tẹ̀."

"Ilé wo ni ò tẹ̀ nílùú yìí, Màdáámù? Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀."

"A ò mọ èyí tínú ń run, Ẹnjiníà. Ẹ máa parí òwe yín."

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. "Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní Dubai, mo fẹ́ lọ kí wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Damanhur, ẹ sinmi."

"Ẹ ti tà mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Opó ni yín, ta ló máa fọwọ́ kàn yín? Bẹ́ ẹ bá panu mọ́, ilé yẹn lè dúró títí àwa méjèèjì á fi kú. Bẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, orúkọ ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀?"

Kò pariwo mọ́ ọn, ohùn tó fi ń ṣàlàyé fèrèsé fún oníbàárà náà ló fi bá a sọ ọ́. Ìyẹn ló dun Insaf jù.

Nílé, ìkòkò àti abọ́ ìgbéyàwó Yumna kún pálọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sáàárín wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fọ́mọ. Yumna gbé abọ́ kan lé òmíràn.

"Mọ́mì, ìgbéyàwó ò jìnnà mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é tán ná. Bí wọ́n bá mú yín báyìí, kí ni mo fẹ́ wí fáwọn ará ilé ọkọ mi?"

"Bó bá wó kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

"Bí ò bá wó ńkọ́?"

Akọni kọ́ ni Insaf, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó forí lé ibùdókọ̀ rélùwéè. Damanhur ló ń lọ. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti dúró síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, nígbà tí àwọn alárù ju ẹrù kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbì. Ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀. Àwọn èèyàn gbé e dìde, wọ́n fún un lómi. Ó wo ẹrù náà, ó rí i pé àpò ìrẹsì lásán ni. Nígbà náà ló mọ̀ pé ìró yẹn á máa tọ òun lẹ́yìn dé Damanhur, á máa bá òun sùn, á máa bá òun jí. Kò bá wọn wọkọ̀. Ẹ̀rù kan náà tó ń gbé e sá lọ ló dá a padà sí káńsù.

Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Insaf sọ fún un pé ilé kan ti ń tẹ̀ ní Sidi Bishr. Ọkùnrin náà kọ orúkọ àdúgbò, ó kọ nọ́ńbà ilé, ó wá fa fáìlì yọ.

"Ọ́fíìsì kan ló ní àwọn ń bójú tó o," ló wí. "Insaf kan ló fọwọ́ sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni."

Akọ̀wé náà gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àlájà, ìyá mi ju yín lọ díẹ̀ ni. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. N ò rí yín lónìí. Ẹnikẹ́ni ò wá síbí."

Insaf wo bébà tí ọkùnrin náà ti ń ká ní kíká. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ pé kó dìde. Ó di àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, nítorí pé bí kò bá dì í mú, á sá.

"Tẹ́ ẹ padà, ọmọ mi," ló wí. "Jọ̀ọ́, tètè kọ ọ́, kẹ́rù tó gbé mi lọ."

Wọ́n kó àwọn ayálégbé jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Èèyàn ń gbé fíríìjì sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, èèyàn ń gbé ìyá arúgbó. Àwọn ọlọ́pàá mú Insaf wá síbẹ̀ kó wá fi ilé náà hàn. Obìnrin àjà kẹsàn-án, ẹni tó pè é lórí fóònù, tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn lòun ní kí wọ́n wá tún ṣe, òun ò ní kí wọ́n wá sọ òun di aláìnílé. Bàbá Dakruri ti wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ń bó ọ̀dùnkún.

"O ò gbowó ojú, o ò gbowó imú," ló wí nígbà tí wọ́n ti Insaf jókòó tì í. "O tún wá fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ pe ọlọ́pàá. N ò rí irú kahul bẹ́ẹ̀ rí."

Ẹnjiníà Raúf ti dé Dubai. Hinnawi kò fọwọ́ sí nǹkan kan, wọn kò rí i mú. Àwọn ará ilé ọkọ Yumna fẹ́ fà sẹ́yìn, ọmọkùnrin náà ló kọ̀, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó láìsí ìyá ìyàwó níbẹ̀. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí wọ́n bá gbé ọsàn wá, Insaf kì í jẹ ẹ́ láì kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ wò.

Nígbà tó jáde, ibi àkọ́kọ́ tó lọ lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀ ni Sidi Bishr. Ó rò pé òkìtì àlàpà lòun ó bá. Ilé náà ń bẹ lórí ìdúró. Aṣọ kún gbogbo bákóní rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń padà síbẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, nítorí owó ilé ti le, káńsù sì ti gbàgbé wọn. Bàbá Dakruri ti jáde ṣáájú rẹ̀, ó ti padà sídìí ààrò rẹ̀. Insaf kò kí i tán tó fi wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó gbé ọsàn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ọsàn náà kò rò ó wò rárá, bó ṣe fọwọ́ sílẹ̀ ló sáré lọ lu ògiri.

Ohùn obìnrin àjà kẹsàn-án bọ́ sílẹ̀ láti bákóní bó ṣe jáde tòun ti ọsàn lọ́wọ́. "Ìyá ọlọ́sàn, o tún ti dé? Ẹ̀wọ̀n tó o ṣe ò tíì tó ẹ?"

Insaf gbójú sókè, ó rí orí àwọn ọmọ obìnrin náà tí wọ́n yọ láàárín irin, wọ́n ń wò ó.

"Jókòó, jẹ ọ̀dùnkún," Bàbá Dakruri ní. "O ti ṣe tìẹ. Orúkọ rẹ ò sí lára ẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi ti baba mìíràn sí i."

Insaf kò jókòó. Ó ju ọsàn sínú báàgì, ó bi í bóyá káńsù ṣì máa wà ní ṣíṣí dìrọ̀lẹ́.